Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Àlòkù Ọkọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Sọ Di Oníná: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Àjàṣẹ́ àti Agbègbè Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀ kó fi ẹ̀rọ iná rọ́pò rẹ̀ ló máa ń ra ọkọ̀ ná, kó tó wá máa ṣírò. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á rí ọkọ̀ tó ń dán, tí owó rẹ̀ kò ga, ní ọ̀kan nínú àwọn páàkì ọ̀nà Sèmè. Wọ́n á sanwó, wọ́n á wọ́ ọ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìgbà tí iṣẹ́ bá ti wọ ara ni wọ́n á tó rí i pé gíá aládàáṣe ló ní, tàbí pé bí bátìrì bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ènìyàn méjì péré ló tún lè gbé, tàbí pé ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀ débi pé kò sí irin gidi tí wẹ́dà lè jó nǹkan mọ́. Bátìrì àti ẹ̀rọ iná ló ń gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó dunni kí a kó irú owó bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tí kò lè gbé e.

Ẹ mú èyí dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ara ọkọ̀ lẹ ń rà, ẹ kò ra ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ohun tí oníṣòwò yóò fi yin ọjà rẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì kì í mu epo, pé wọn ò tú u rí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìwọ̀n, irin, gíá, sítíárìn, bíréèkì àti ìwé ló kàn yín.

Ohun tí ẹ máa mú dání lọ sọ́jà

- Ìwé àti bírò. Fóònù nìkan kò tó, torí ẹ máa ya àwòrán inú ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wọn ọ́n.
- Téèpù ìwọ̀n oníìmítà márùn-ún.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa.
- Òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé, kó má baà ha ọ̀dà ọkọ̀.
- Òòlù kékeré, àti irin ìtú-ìdè tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ.
- Jáàkì, pẹ̀lú igi tí ẹ máa fi ti ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e sókè.
- Mẹkáníìkì kan tí kì í ṣe ti oníṣòwò. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un ṣáájú, ẹ sì sọ fún un pé iye kan náà ni yóò gbà, ẹ rà á o, ẹ ò rà á o. Bí ọ̀gá mẹkáníìkì bá mọ̀ pé ìgbà tí ẹ bá rà á lòun máa tó rí owó, ọkọ̀ kankan ò ní ní àléébù lójú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣírò ìrìn yín kí ẹ tó wo ọkọ̀ kankan

Ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa lọ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ibi tó wù yín kó dé lọ́jọ́ ọdún sílẹ̀ ná. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 35, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 70. Ọkọ̀ kékeré tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan máa ń jẹ wáàtì-wákàtí 150 tàbí sún mọ́ ọn lórí kìlómítà kan, bí awakọ̀ kò bá sá eré àsápajúdé. Ẹ sọ 70 di ìlọ́po 150, ó di 10,500. Ìyẹn ni kìlówáàtì-wákàtí 10.5, tí wọ́n máa ń kọ ní 10.5 kWh.

Ẹ má lọ ra bátìrì 10.5 kWh. Bátìrì tí a bá ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí ìrìn ojúmọ́ mu ìdá 80 nínú 100 rẹ̀, kí ẹ sì tún fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà ogbó rẹ̀, nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí ìdá 80. Bí ẹ bá pín 10.5 sí 0.8, ó di nǹkan bíi 13.1, bí ẹ bá tún pín ìyẹn sí 0.8, ó di 16.4. Bátìrì 16 sí 17 kWh ló yẹ ará Àjàṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kútọnu.

Báwo ló ṣe wúwo tó? Sẹ́ẹ̀lì ni bátìrì kéékèèké tí a ń so pọ̀ di ńlá. Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù onífósíféètì wò ó, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP. Òun ni mo fara mọ́ fún ooru ilẹ̀ wa, torí kì í tètè gbiná bíi ti àwọn lítíọ́ọ̀mù yòókù. Sẹ́ẹ̀lì oní-105 Ah (áńpíà-wákàtí) kan jẹ́ fóltì 3.2, ó sì wọn nǹkan bíi kílò méjì. Bí a bá so 48 pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a ní fóltì 153.6 àti 16.1 kWh. Sẹ́ẹ̀lì nìkan ti tó kílò 96 nìyẹn. Ẹ fi àpótí irin, wáyà ńlá, fíúsì àti ìdè kún un, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí kílò 150.

Ti ẹni tó ń lọ Kétu yàtọ̀. Láti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pobè dé Kétu lé ní kìlómítà 100 ní àlọ nìkan. Bátìrì 16 kWh yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ó sì gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ kí ẹ tó lè padà. Ẹni tó ń ṣe irú ìrìn yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò bátìrì ìlọ́po méjì, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré ló sì lè gbé e: Peugeot Partner, Citroën Berlingo tàbí Renault Kangoo. Ẹ má fi ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ rárá bó bá jẹ́ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni ojú ọ̀nà yín.

Ẹ ṣírò iná ilé náà. Ihò iná fóltì 220 tó ń gbé áńpíà 10 jẹ́ kìlówáàtì 2.2. Ìrìn 10.5 kWh yóò gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà kó tó padà kún, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò lọ́nà. Òru kan tó fún un bí iná kò bá lọ. Bí iná àdúgbò yín bá máa ń lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ìrìn ọjọ́ kejì kún bátìrì láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì tún ìwọ̀n yín ṣírò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín: kìlómítà ojúmọ́, kWh bátìrì, àti kílò bátìrì. Bí ọ̀kan bá ṣì kù, ẹ má tíì lọ sí páàkì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ọkọ̀, kì í ṣe láti ara rẹ̀

Ní páàkì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú carte grise wá, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń wá láti Faransé ṣì máa ń ní ti ibẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn sì jẹ́ fún yín. Ẹ wá lẹ́tà wọ̀nyí nínú rẹ̀: G.1 ni ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo, F.2 ni PTAC, ìyẹn ìwọ̀n tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá bí ènìyàn àti ẹrù bá ti wà nínú rẹ̀. B ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. E ni nọ́ńbà ṣáásí. Bí ọkọ̀ bá ti ní ìwé Bẹ̀nẹ̀, PTAC náà ni kí ẹ wá.

Ẹ yọ G.1 kúrò nínú F.2, ohun tó kù ni ẹrù tí òfin gbà fún ọkọ̀ náà. Ká ní F.2 jẹ́ 1,360, G.1 sì jẹ́ 875. Ẹrù rẹ̀ jẹ́ 485. Nígbà tí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì kékeré, epo, tẹ́ǹkì, rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà kúrò, nǹkan bíi kílò 160 lè jáde. Ẹ̀rọ iná tó tó kílò 60 yóò wọlé, kọ́ńtírólà (ohun tó ń darí iná láti bátìrì sínú ẹ̀rọ), ṣájà àti wáyà jẹ́ 30, bátìrì 150. Àpapọ̀ rẹ̀ 240. Ọkọ̀ ti fi 80 wúwo sí i nìyẹn, ẹrù tó kù sì jẹ́ 405. Ènìyàn márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn 75 jẹ́ 375. Ó ku kílò 30 fún àpò. Ọkọ̀ yẹn gbà á, àmọ́ kò ní gba àpò gàrí kan lẹ́yìn mọ́.

Ẹ ṣe ìṣírò yìí níwájú ọkọ̀, kí ẹ má ṣe é nílé lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Àwo irin kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Ó máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló kàn án mọ́ ọn. Lẹ́yìn nọ́ńbà ṣáásí, ìlà mẹ́rin ìwọ̀n ló wà níbẹ̀: PTAC, ìwọ̀n pẹ̀lú ọmọlẹ́yìn tí ọkọ̀ ń fà, lẹ́yìn náà «1-» fún ẹsẹ̀ iwájú àti «2-» fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Méjì ìgbẹ̀yìn yìí ló ń sọ ibi tí bátìrì lè jókòó sí. Ẹ̀rọ iná fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fúyẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ ní iwájú nígbà gbogbo, nítorí náà bí ẹ bá kó gbogbo bátìrì sínú búùtù, iwájú á fúyẹ́ jù, ẹ̀yìn á sì wólẹ̀. Ní ọjọ́ òjò, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ti sítíárìn.

Irú ọkọ̀ wo ni kí ẹ wá? Ẹ̀rí kan wà tí mo gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: Peugeot àti Citroën fúnra wọn ṣe 106, Saxo, Partner àti Berlingo oníná láàárín ọdún 1995 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Renault náà sì ṣe Clio àti Kangoo oníná. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì-kádímíọ́ọ̀mù tó wúwo ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn sì gbé e. Bí ẹ bá rí 106 tí irin rẹ̀ ṣì le, ẹ má jẹ́ kó lọ. Opel Corsa náà dára, n ó sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá dé sítíárìn. Toyota Starlet àti Carina àtijọ́ rọrùn láti tú, ẹ̀yà wọn sì wà káàkiri. Peugeot 504 ẹlẹ́rù lágbára púpọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń dí i lọ́nà, iná tó ń jẹ sì pọ̀. Ẹni tó ń kó ẹrù láàárín ìlú ló yẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹrù tó kù lẹ́yìn ìṣírò gbọ́dọ̀ tó ènìyàn tí ẹ fẹ́ máa gbé, kó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ dá ìwé padà fún oníṣòwò, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Kò sí àtúnṣe fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Irin

Ẹ lo àkókò yín jù níbí. Ní Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á fọ́n ọn sábẹ́ ọkọ̀, ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ wa, páàkì tó wà létí òkun ni yóò dúró sí, afẹ́fẹ́ iyọ̀ á tún máa fẹ́ sí i. Oníṣòwò á fọ ara rẹ̀, á fi ọ̀dà kùn ún, òkè á máa dán bíi dígí. Ìsàlẹ̀ ló ń sọ òtítọ́.

Ẹ gbé òòfà lé ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́, àtẹ̀ tí wọ́n fi dí ihò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù kan abẹ́ náà jẹ́ẹ́jẹ́. Irin tó le máa ń dún kedere; èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ á dún bíi páálí. Ẹ fi ẹnu irin ìtú-ìdè tẹ ibi tí ẹ bá fura sí. Bó bá wọlé, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ibi márùn-ún ni ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò: ibi tí orí ṣọ́kù ti wọ ara ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara, kòtò táyà àrọ́pò nínú búùtù, àyíká tẹ́ǹkì epo, àti ibi tí wọ́n ń gbé jáàkì sí. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn ni pé ibẹ̀ gan-an ni àpótí bátìrì yóò ti gbára lé irin. Ìpẹtà lára ilẹ̀kùn tàbí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dẹ́rù bà mí: ẹ lè pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ìyẹn. Èyí tó bá jẹ àwọn ibi márùn-ún yìí, àánú kankan ò sí fún un.

*Ìkìlọ̀:* ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Àwọn kan máa ń fi í dáàbò bo irin ní tòótọ́. Àwọn mìíràn sì máa ń fi í bo ihò mọ́lẹ̀. Bí oníṣòwò kò bá gbà kí ẹ ha díẹ̀ kúrò níbì kan láti wo abẹ́ rẹ̀, ẹ má rà á.

Wàyí o, ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ gbé jáàkì sí ibi tó yẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e sókè títí táyà iwájú ẹ̀gbẹ́ yẹn á fi kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ náà, kí ẹ tún tì í. Bó bá ṣí, tó sì tì bíi ti tẹ́lẹ̀, ara ọkọ̀ ṣì gan. Bó bá há, tàbí tó ń fa ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ara ọkọ̀ ti ń tẹ̀. Bí irin ibi jáàkì bá sì rọ́ wọnú nígbà tí ẹ ń gbé e, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ kí ẹ sì dúpẹ́ pé ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Omi tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ti mù rí, ì báà jẹ́ ní òkèèrè tàbí ní àdúgbò wa níbi tí ọ̀sà máa ń kún, wáyà inú rẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro títí láé, ẹ sì fẹ́ fi iná kún iná. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun: ojú omi máa ń fi ìlà ẹrẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí irin tí ìjókòó ń yọ̀ lé lórí.

Ní ti jàǹbá, ẹ yí sítíárìn títí táyà iwájú á fi kọjú síwájú gbọọrọ, kí ẹ sì wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Àwọn Renault àtijọ́ kan, bíi Renault 4 àti Renault 5 àkọ́kọ́, ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n láti ilé iṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* òòfà lẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ibi márùn-ún le, ilẹ̀kùn ṣí lórí jáàkì, bẹ́líìtì kò ní ìlà ẹrẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé. Mẹ́ta nínú mẹ́rin kò tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Gíá, àti àyè abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Gíá ọlọ́wọ́ ni kí ẹ rà. Nínú gíá aládàáṣe àtijọ́, páǹpù kan wà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kódà nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí òróró inú rẹ̀ lè ní agbára. Ẹ̀rọ iná kì í yí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Nítorí náà agbára òróró á wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná pópó bá dá yín dúró, gíá á sì máa já. Wọ́n ní àtúnṣe wà fún un lókè òkun. Bó ti wù kó rí, iná tó ń fi ṣòfò kò yẹ fún bátìrì 16 kWh.

Nínú gíá ọlọ́wọ́, gíá kejì àti ìkẹta ni ẹ óò máa lò jù nígbà tí ó bá di oníná. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ gbọ́ ohùn wọn dáadáa. Gíá karùn-ún tó ń ké kò kàn yín púpọ̀, àmọ́ ẹ fi dín owó ọkọ̀ kù.

Ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọn láti ojú ibi tí gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì ti pàdé dé irin ṣáásí ní òdìkejì. Ẹ̀rọ iná oníbúrọ́ọ̀ṣì ti íńṣì 9, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 23, ó gùn tó nǹkan bíi 40, ó sì lè wọn kílò 70. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwo irin tí yóò so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì àti fún ọwọ́ ẹni tó máa mú sípánà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ibi tí tẹ́ǹkì epo wà: gígùn, fífẹ̀, àti bó ṣe ga sí ilẹ̀. Ibẹ̀ ló dára jù fún bátìrì, torí ó wà nísàlẹ̀, àárín táyà ni, kò sì gba ìjókòó ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa wa kì í ṣàánú ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀, nítorí náà àpótí bátìrì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju tẹ́ǹkì náà lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àwòrán méjì nínú ìwé yín, ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti ibi tẹ́ǹkì, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí gbogbo ìlà. Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì kan bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tò ó wò.

Ìgbésẹ̀ 5: Sítíárìn àti bíréèkì

Ohun méjì yìí ń jẹ lára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá lọ, wọ́n á di èyí tó le lọ́wọ́, tó sì le lẹ́sẹ̀.

Ti sítíárìn, oríṣi mẹ́ta ló wà. Èyí tí kò ní páwà rárá: ó dára fún ọkọ̀ kékeré, kò sí ohun tí ẹ máa tún ṣe. Èyí tí páǹpù òróró rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì yí lára ẹ́ńjìnnì: ẹ máa ní láti wá páǹpù oníná fún un, irú èyí tó wà nínú Opel Astra G. Èyí tí ẹ̀rọ iná kékeré ń ràn lọ́wọ́ nínú ọ̀pá sítíárìn fúnra rẹ̀: òun ló dára jù, ó sì wà nínú Opel Corsa C tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000 sí 2006. Ìdí tí mo fi dárúkọ Corsa lókè nìyẹn. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ wá ìgò òróró sítíárìn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí ìgò, tí sítíárìn sì fúyẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, oníná ni.

Ti bíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún títí yóò fi le. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ta ẹ́ńjìnnì. Bí pẹ́dà bá rì sísàlẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ṣì wà láàyè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ohun yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ sí páǹpù afẹ́fẹ́ oníná kékeré. Bí pẹ́dà kò bá rì rárá, ẹ kọ owó àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé «ẹ ó mọ́ ọn lára» láìsí ìrànlọ́wọ́ bíréèkì. Ọkọ̀ yín á wúwo sí i, kò ní fúyẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 2000 tó wọlé rọrùn jù. Èyí tó bá ti tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, dáṣíbọ́ọ̀dù, ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà pa) àti sítíárìn rẹ̀ máa ń dúró de ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Bí wọn kò bá gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á tan iná pupa, àwọn mìíràn á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, ẹ má ta ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gíá sí òfìfo, kí ẹ ní kí ènìyàn méjì tì yín. Ẹ wo aago eré. Bó bá gbéra, ó ń gba ọ̀rọ̀ láti ara gíá tàbí táyà, kò nílò ẹ́ńjìnnì. Ẹ rántí pé bíréèkì àti sítíárìn á le nígbà yẹn, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì yín sáré.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e jáde

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń wá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, torí ó pọ́ọ́kú. Èmi fara mọ́ èyí tó ti rẹ̀ àmọ́ tó ṣì ń rìn. Ọkọ̀ tó ti kú kò lè jẹ́ kí ẹ gbọ́ gíá, ẹ ò ní mọ bíréèkì rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tà lẹ́yìn náà. Bí ti òkú bá jẹ́ ìdajì owó ti alààyè, ẹ ka iye gíábọ́ọ̀sì àlòkù kan mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ wa á lórí títì tó dán àti lórí ọ̀nà erùpẹ̀. Ẹ gba gbogbo gíá kọjá. Lórí títì tó tẹ́jú, ẹ fi gíá sí òfìfo ní nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí, kí ẹ jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kó lọ jìnnà kó tó dúró. Ọkọ̀ tó bá tètè dúró ní bíréèkì tó ń fà tàbí bẹ́áríìnì táyà tó ti lọ, ìyẹn á sì máa jẹ iná yín lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dúró, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ́rẹ́. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gíá kejì àti ìkẹta kò ké, kò já. Ọkọ̀ yọ̀ lọ dáadáa. Táyà kankan kò gbóná yàtọ̀. Ọkọ̀ kò fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé, lẹ́yìn náà owó

Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí tí wọ́n tẹ̀ sára irin wé ti lẹ́tà E nínú carte grise, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìwé aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá ní «ó ń bọ̀ lọ́la», ẹ ní owó náà ń bọ̀ lọ́la.

Carte grise máa ń sọ irú epo tí ọkọ̀ ń lò. Tí ọkọ̀ yín bá di oníná, ohun tó wà nínú ìwé kò ní bá ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mu mọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ANaTT tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ àti CNSR tó ń ṣe visite technique, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí: àwòrán, ìwé bátìrì, ìwọ̀n tuntun. Ẹ gba ìdáhùn náà sínú ìwé bó bá ṣeé ṣe. Ní Faransé, àṣẹ ìjọba ti 13 oṣù kẹta ọdún 2020 ló ń darí irú iṣẹ́ yìí, ó sì béèrè pé kí ọkọ̀ ti lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe òfin Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé ohun tó béèrè nípa ìwọ̀n àti ààbò yóò ní ọ̀rọ̀ sọ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba.

Nígbà tí ẹ bá ń ná an, ẹ má bá oníṣòwò jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka àléébù tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́áríìnì, gíá karùn-ún, pẹ́dà bíréèkì, pẹ̀lú iye tí mẹkáníìkì ní kálukú máa ná yín. Owó tí ẹ bá rí lórí ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ bá tà wọ́n, ẹ má kà á mọ́ owó ọkọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná.

Ẹ ti sanwó, ọkọ̀ ti dé Àjàṣẹ́. Kí ẹ tó tú ìdè kan, ẹ gbé e lọ sí bascule, ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kí epo inú rẹ̀ kéré, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú rẹ̀. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú nìkan, ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan, ẹ gba ìwé rẹ̀. Ìwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ka kílò kéékèèké, nítorí náà bí iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn bá fi kílò 20 yàtọ̀ sí àpapọ̀, kò burú. Bó bá jìnnà sí G.1 gan-an, ohun kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ẹ kò tíì rí; ẹ wá a kàn. Bó bá sún mọ́ ọn, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ «1-» àti «2-» tí ẹ kọ láti ara àwo irin, kí ẹ wá pe mẹkáníìkì kó mú sípánà.